Ọwọ́ Tí Ọ̀nọ́rébù Kò Lè Bọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Moyọ̀sọ́lá jẹ́, kó wo ètè rẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá ń purọ́. Kì í sọ̀rọ̀. Á kàn fi ètè òkè tẹ ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé nǹkan tó rà gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, bàbá rẹ̀ jẹ́ katikíìsì tí kì í rẹ́rìn-ín, ó sì ti kọ́ ọ láti kékeré pé ariwo lẹni tí kò níyì fi ń wá ìyì. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Bàrígà máa ń sọ pé obìnrin náà gbéra ga. Wọn ò parọ́ mọ́ ọn.

Ṣómólú ni òun àti ọkọ rẹ̀, Adébọ̀dé, ti ń ṣiṣẹ́, nínú ilé ìtẹ̀wé kékeré kan tó jẹ́ tiwọn. Ọkọ ń tẹ̀wé, ìyàwó ń ká a, ó ń tò ó, ó ń rán an pọ̀. Ìwà wọn ò jọra rárá. Adébọ̀dé jẹ́jẹ́ débi pé bí wọ́n bá bú u, á ní, "Ó dáa, sà." Bí oníbàárà bá fi iṣẹ́ rẹ̀ wọ́lẹ̀, "Ó dáa, sà." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń gún Moyọ̀sọ́lá lára bí ẹ̀gún. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n àwọn ìgbà kan wà tó máa ń wò ó tí á máa rò ó pé omi lásán ni wọ́n bù sí i lára níbi tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ wà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999, nígbà tí àwọn sójà fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá, iṣẹ́ ya wọ Ṣómólú bí àgbàrá. Gbogbo ẹni tó bá ti ní agbádá kan àti ojú tí kò mọ ìtìjú ló ń du ipò, gbogbo wọn ló sì fẹ́ kí wọ́n lẹ àwòrán òun mọ́ ògiri ilé onílé. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọláwuyì. Ògbólógbòó táyà ló ń tà tẹ́lẹ̀. Ó wá sí ilé ìtẹ̀wé náà fúnra rẹ̀, ó jókòó lé bébà tí wọn ò tí ì tẹ̀, ó ń ju gúgúrú sẹ́nu, ó ń pe Adébọ̀dé ní "àbúrò mi àtàtà". Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ojú òun dán nínú pósítà náà, kó jọ ojú ẹni tó mọ Ọlọ́run. Moyọ̀sọ́lá wo ojú ọ̀hún. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé yíǹkì tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, wọn ò tí ì pò ó.

Lójoojúmọ́ ni Ọláwuyì ń wá dúró sẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ ṣe kíá! Àwọn tó kù ti lẹ tiwọn!" Ọjọ́ mẹ́ta ni Adébọ̀dé fi ṣiṣẹ́ láìfẹ̀yìn lélẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, oorun gbé e lọ níbi tó dúró sí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gé bébà nígbà tí abẹ rẹ̀ já wálẹ̀. Ìka mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àtàǹpàkò nìkan ló ṣẹ́kù.

Ẹ̀jẹ̀ ta sí ojú Ọláwuyì lórí ọ̀pọ̀ pósítà náà. Nígbà tí wọ́n ń sáré gbé Adébọ̀dé lọ sí ọsibítù, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ọláwuyì dé, wọ́n ṣa àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ò kàn, wọ́n kó wọn lọ. Kò sí èyí tó béèrè pé ẹ̀jẹ̀ ta ni.

Ọláwuyì wọlé ìbò, ó di Ọ̀nọ́rébù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Moyọ̀sọ́lá lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Kò fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kó wá wo ọkùnrin tó dùbúlẹ̀, kó sọ pé "pẹ̀lẹ́". Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn alágbe olóṣèlú. Lẹ́ẹ̀kẹta yẹn, ó gbọ́ ohùn Ọ̀nọ́rébù láti inú yàrá.

"Adébọ̀dé wo? Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní mo ti rìnrìn àjò."

Ilẹ̀kùn tí ìjọba ṣe fún un ò nípọn tó bó ṣe rò. Moyọ̀sọ́lá dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó jáde. Nígbà tó dé títì, òun alára ló kọ́kọ́ kórìíra, pé òun, ọmọ katikíìsì, jókòó sórí bẹ́ńṣì oníyẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ṣọ́ọ̀ṣì wọn náà ò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú. Pásítọ̀ Adéjìmí wá lẹ́ẹ̀kan, ó gbàdúrà tó gùn, lẹ́yìn náà ló rọra béèrè lọ́wọ́ aláìsàn pé ṣé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kọ́lọ́fín kan tí Olúwa ń fi jàǹbá yìí bá a wí. Adébọ̀dé ronú díẹ̀, ó ní òun ò rántí, sà. Moyọ̀sọ́lá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún Pásítọ̀ kó lè rí ọ̀nà ilé.

Ẹni tó wá láìmú ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni wá ni Sìmbíátù. Ilé tó dojú kọ tiwọn ló ń gbé. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, Mùsùlùmí, opó tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹja ló ń yan ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà níbẹ̀, lẹ́bàá ọ̀sà. Ó gbé abọ́ ọbẹ̀ ẹja wọlé, ó fọ abọ́ mìíràn tó bá nílẹ̀, ó wo Moyọ̀sọ́lá tó káwọ́ lérí.

"Dìde," ló wí. "Ilé ìtẹ̀wé yín ti wà ní títì pa, ọmọ sì máa jẹun. Ẹkún ò lè yan ẹja. Bá mi kálọ."

Bẹ́ẹ̀ ni Moyọ̀sọ́lá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹja. Èéfín wọ ojú rẹ̀, ó wọ irun rẹ̀, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń yí ẹja lórí iná, ọ̀rọ̀ tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá Yaqub, ẹ má bínú. Nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò yìí, tẹ́ ẹ bá ti ń kọjá, mo máa ń dímú."

"Mo mọ̀," ni Sìmbíátù dáhùn, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Mo máa ń rí ẹ. Yí ìyẹn, ó ti fẹ́ jó."

Moyọ̀sọ́lá yí i.

Adébọ̀dé pàápàá gbéra díẹ̀díẹ̀. Ẹwàolúwa, ọmọbìnrin wọn ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló ń kọ́ ọ bó ṣe máa fi ọwọ́ òsì kọ A, B, D, tó ń jágbe mọ́ ọn bíi tíṣà. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, Àjàlá, àgbà atẹ̀wé kan ní Ṣómólú tí wọ́n jọ ń du oníbàárà tẹ́lẹ̀, ránṣẹ́ pè é. Ó ní ìka lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ò lọ. Kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń po yíǹkì kí àwọ̀ rẹ̀ bára mu bí Adébọ̀dé. Kó máa bọ̀ wá pò ó. Bó ṣe di pé àwọn atẹ̀wé mẹ́rin, márùn-ún ń pè é káàkiri nìyẹn. Kò di olówó, ṣùgbọ́n ó ti ń jáde nílé láàárọ̀ bí ọkùnrin. Tó bá ń rìn láàárín èèyàn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í kúrò nínú àpò.

Kérésì ku ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí Pásítọ̀ Adéjìmí tún wá, pẹ̀lú ẹ̀rín tó kún gbogbo ojú.

"Ìyá Ẹwà, ìròyìn ayọ̀! Ọ̀nọ́rébù Ọláwuyì ń bọ̀ ní Sọ́ńdè fún ìdúpẹ́ ìparí ọdún. Wọ́n ní ìdílé yín làwọn fẹ́ bá jáde. Wọ́n á mú ayàwòrán wá."

"Ìdílé wa?" ni Moyọ̀sọ́lá bi í. "Ẹni tí wọn ò mọ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ohun àtẹ̀yìnwá. Èèyàn ńlá ni wọ́n báyìí."

Moyọ̀sọ́lá wo Pásítọ̀ láti orí dé bàtà. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Adébọ̀dé ti dá a lóhùn láti orí àga.

"Ó dáa, sà. Kí wọ́n máa bọ̀."

Moyọ̀sọ́lá ò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀gàn tó ti ń dà lé Ọláwuyì àti Pásítọ̀ lórí látọdún, ó bù díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ Sọ́ńdè pé, ọjọ́ kejì Kérésì. Ọ̀nọ́rébù dé lẹ́yìn ìwàásù, torí èèyàn ńlá kì í gbọ́ ìwàásù. Ó wọ agbádá funfun, ó fi dígí dúdú bojú nínú ilé Ọlọ́run, àwọn mẹ́fà sì ń rìn tẹ̀ lé e bí ewúrẹ́ tó gbóòórùn èèpo iṣu. Wọ́n pe ìdílé Adébọ̀dé síwájú. Ọ̀nọ́rébù gba máìkì.

"Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, nígbà tí jàǹbá ṣe àbúrò mi yìí, oorun ò kùn mí! Mo ní kò gbọdọ̀ kú! Mo dúró tì í!"

Àwọn kan pariwo "Halelúyà!" Moyọ̀sọ́lá fi ètè tẹ ètè mọ́lẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ọ̀nọ́rébù gbé máìkì lé Pásítọ̀ lọ́wọ́, ó kọjú sí ayàwòrán, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí Adébọ̀dé kí wọ́n lè ya bíbọ̀wọ́ náà.

Adébọ̀dé yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde nínú àpò. Kò fi aṣọ bò ó. Ó nà án, kùkùté ọwọ́ náà ń dán nínú iná, àtàǹpàkò dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọwọ́ Ọ̀nọ́rébù ti dé agbede méjì kó tó wolẹ̀ rí ohun tó fẹ́ dì mú. Ó fà á sẹ́yìn wàrà. Ó tún wá nu ọwọ́ náà mọ́ agbádá, bẹ́ẹ̀ kò tí ì kan nǹkan kan. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló rí i.

Adébọ̀dé gba máìkì lọ́wọ́ Pásítọ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn náà ló fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́, sà. Ọwọ́ tó tẹ àwòrán yín ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyàwó mi wá pè yín kẹ́ ẹ wá wò ó, ẹ ní ẹ ò mọ̀ mí. Mo ní kí n gbé e wá bá yín."

Ẹnì kan láàárín àwọn akọrin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀nọ́rébù náà rẹ́rìn-ín tirẹ̀, ó ní àbúrò òun fẹ́ràn eré. Kò rí ẹni bá a rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ orin kíákíá, ó sì na ọwọ́ sí máìkì, ṣùgbọ́n Adébọ̀dé ò fi sílẹ̀.

"Ẹ dákun, Pásítọ̀. Ìdúpẹ́ ni mo wá ṣe, mi ò sì tí ì dúpẹ́."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí abẹ náà mọ ní ìka. Ó dárúkọ Àjàlá. Lẹ́yìn náà ló ké sí obìnrin kan tó fi ìbòrí bo orí, tó jókòó sórí bẹ́ńṣì tó kẹ́yìn pátápátá, tí òun fúnra rẹ̀ ti bẹ̀ kó wá. "Ìyá Yaqub, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀." Sìmbíátù wá, ojú ń tì í, ó ń wolẹ̀. Ìdílé náà yí i ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ìjọ sì dìde bá wọn jó. Moyọ̀sọ́lá, tó máa ń yínmú sí àwọn tó ń sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì, sunkún débi pé kò rí iwájú. Nínú omijé yẹn ló ti ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án. Ọdún mọ́kànlá tó fi rò pé omi ni!

Kí orin tó parí, agbádá funfun ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde.

Lẹ́yìn ìsìn, Pásítọ̀ pè wọ́n sí yàrá rẹ̀. Iṣan ọrùn rẹ̀ ti dìde. "Ọ̀nọ́rébù ti ṣèlérí páànù fún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yìí! Ẹ ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́!"

"Pásítọ̀," ni Moyọ̀sọ́lá wí, "òrùlé tí irọ́ bá gbé ró, ẹ má jókòó sábẹ́ ẹ̀."

Pásítọ̀ ní láti ọjọ́ náà lọ, kì í ṣe Moyọ̀sọ́lá ló máa máa darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

"Ó dáa, sà," ni Moyọ̀sọ́lá dáhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yẹn máa ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó yà á lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ náà ṣe mú tó.

Ní ilé, ó se ìrẹsì àti adìẹ, ó sì dé e. Oṣù ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ni, Sìmbíátù tí wọ́n pè wá jẹun kò lè fi nǹkan kan ẹnu kí oòrùn tó wọ̀. Màmá Sabina, ọmọ ìjọ wọn tí kì í pàdánù oúnjẹ ẹlòmíràn, wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ó bá ìkòkò ní dídé.

"Ẹ máa jẹun ná! Àbí Mùsùlùmí ló ń sọ ìgbà tí Kìrìsìtẹ́nì máa jẹun?"

"Tébi bá ń pa yín, ẹ bu tiyín, Màmá," ni Moyọ̀sọ́lá wí. "Àwa ń retí àlejò."

Màmá Sabina bu tirẹ̀. Itan ló mú. Kò jókòó dúpẹ́.

Ẹwàolúwa ń ráhùn pé ebi ń pa òun. Bàbá rẹ̀ fún un ní bisikíìtì, ó ní kó mú sùúrù. Nígbà tí wọ́n pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí, Sìmbíátù ré títì kọjá. Ó mu omi, ó kírun ní igun yàrá, Adébọ̀dé sì gbàdúrà sí oúnjẹ ní ṣókí. Ìrẹsì náà ti pẹ́ jù lórí iná, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jó. Wọ́n fi ṣíbí ha á, wọ́n jẹ ẹ́ tán.