Èènì Tí Òyìnbó Ń Dá Padà

Mo rántí ìgbà tí kárọ́ọ̀tì mi ń dán débi pé obìnrin òyìnbó kan fi ọ̀kan wo ojú ara rẹ̀, ó tún ìpara ètè rẹ̀ ṣe, kó tó rà á. Ẹni tó bá ní irọ́ ni kó lọ bi àwọn ará ọjà Garki. Kò sí ẹnìkankan nínú wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kó lọ bi wọ́n.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí mi, Àbújá ni mo ti dàgbà sídìí àtẹ. Àwọn tó kù ń ta ata fún ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀. Èmi wò ó pé àwọn òyìnbó tó wá ṣiṣẹ́ nílùú wa kì í jẹ ata, ewé tútù ni wọ́n ń jẹ bí ewúrẹ́, àfi pé wọ́n ń fi fọ́ọ̀kì jẹ ẹ́. Mo bá sọ ara mi di oníṣòwò wọn. Mo ń fọ kárọ́ọ̀tì, mo ń to kùkúńbà bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà, mo sì kọ ọ́ sára páálí gàdàgbà pé a gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú mi pọ̀, wọn ò kàn mọ ara wọn ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ yà ni obìnrin gíga kan, olùkọ́ ní ilé-ìwé àwọn ọmọ òyìnbó. Ó rà, ó sọ fún ẹlòmíràn, onítọ̀hún sọ fún ẹlòmíràn, títí mọ́tò wọn fi kún iwájú àtẹ mi tí ọlọ́pàá fi rò pé ààrẹ ló wá ra sáláàdì. Ọwọ́ obìnrin yẹn wá ni gbogbo ọjà mi wà. Bó bá bínú lọ, àwọn tó kù á tẹ̀lé e. Ìyàwó mi sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: alátẹ tó gbójú lé àlejò, ọjọ́ tí àlejò bá ń relé ni yóò mọ̀ pé òun ò ní oníbàárà.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í tajà fún oníbàárà ká má fi èènì sí i. Lọ́jọ́ kan mo fi tòmátì díẹ̀ kún èyí tó rà. Kò pẹ́ tó fi padà dé, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ gbé tòmátì náà dání bí ẹni gbé ẹyin. Ó ní mo ṣì í kà ni, òun ò lè mú ohun tí òun ò rà. Ara mi bù máṣọ. Nílé wa, ẹni tó dá èènì padà ti kọ ọ̀rẹ́ nìyẹn. Mo rò pé bóyá ó kéré ni. Nígbà tó tún wá, mo fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i. Ó dá a padà. Mo fi elégédé ńlá kan sí i, ṣe la yí i dénú mọ́tò, a ò lè gbé e. Ó dá a padà, dẹ́rẹ́bà ń làágùn. Níkẹyìn mo so àkùkọ mọ́ àpò ewé rẹ̀. Àkùkọ náà jókòó sẹ́yìn mọ́tò nínú afẹ́fẹ́ tútù padà wá sọ́jà, láti ọjọ́ náà kò sì bá adìẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Hausa tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mi orí, ó ní, "Kai." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Obìnrin náà sọ pé òun ò rajà lọ́dọ̀ mi mọ́. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀, ọmọ Kàbà, yíjú sí mi.

"Bàbá, kí lẹ ń wá lọ́wọ́ obìnrin yìí gan-an?"

"Kó gba èènì."

"Ó ní ẹ ò mọ ìṣirò."

"Sọ fún un pé mo mọ̀ ọ́n. Sọ pé ẹni tó bá dá èènì padà, ó ń wí pé ká má ríra mọ́ nìyẹn."

Ó sọ ọ́. Obìnrin náà wo àkùkọ, ó wò mí. Ó béèrè bóyá òun náà lè fún mi ní èènì lọ́jọ́ kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí wọ́n bá sì fún, kò gbọdọ̀ dá a padà láyé. Mo tilẹ̀ na ìka sókè sọ ọ́. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ó gbé àkùkọ lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí, tó fẹ́ padà sílùú rẹ̀, ó ń ta ẹrù ilé. Mo lọ ra fíríìjì. A ti gbé e sọ́kọ̀ tán nígbà tó mú ajá rẹ̀ jáde, ajá ràgàjì aláwọ̀ eérú, ó fi okùn rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Omi ti kún ojú obìnrin náà. Ó ní, "Bàbá, èènì."

Mùsùlùmí ni mí. Ajá kì í wọ àgbàlá wa. Mo wo dẹ́rẹ́bà, dẹ́rẹ́bà ń wo ojú ọ̀run. Mo di okùn mú.

Ìyàwó mi ní kí n dá a padà. Mo ní kò ṣeé dá padà. Ó ní ta ló ṣe òfin yẹn. Mo fa ajá lọ sọ́jà. Abẹ́ àtẹ ni mo ń so ó mọ́, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ohun ìyanu: obìnrin náà lọ, àwọn òyìnbó tó kù ò lọ. Wọ́n ń yà kí ajá, wọ́n á sì ra ewé kí ojú má tì wọ́n.

Mo ti fi ọjà sílẹ̀, Kuje ni mo wà báyìí. Ajá náà ti darúgbó bíi tèmi. Bí mo bá fi Yorùbá pè é, á wò mí bí ẹni tí kò kàwé. Nítorí náà, àràárọ̀ ni mo ń sọ Gẹ̀ẹ́sì inú mi fún un, àwọn ọ̀rọ̀ náà sì ti ń mọ ara wọn díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó mi kì í bá a sọ̀rọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bó bá ti bu oúnjẹ ajá náà tán, mo máa ń rí i tí yóò wẹ̀yìn, tí yóò tún ju ègé ẹran kan sí i. Mi ò bi í pé kí ni ìyẹn.