Eyín Òkè Ọmọ Matilda

Ọjọ́ tí ṣíbí kan eyín lẹ́nu Adébùsọ́lá, ó yẹ kí ìyá rẹ̀ jó ni. Ọmọ náà ti pé oṣù mẹ́wàá, kò sì tíì hu eyín kankan, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ládùúgbò Mọ̀lípà ti ń fi eyín họ egungun adìẹ. Òwúrọ̀ kan kì í kọjá kí Matilda má fi ìka wá inú èrìgì ọmọ rẹ̀ kiri. Nígbà tí ó wá gbọ́ tí ṣíbí dún gbàǹgbà lẹ́nu ọmọ nídìí ògì, ayọ̀ gbà á lọ́kàn, ó fa ètè ìsàlẹ̀ wálẹ̀ kí ó lè wò ó dáadáa. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó gbé ètè tòkè sókè. Ibẹ̀ ló wà, eyín kan ṣoṣo, ó funfun, ó sì kéré bí ìrẹsì.

Àyà Matilda já. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè bi mí pé kí ló dé tí eyín ọmọ yóò fi já ìyá rẹ̀ láyà. Ìsàlẹ̀ ni eyín ọmọ ti máa ń kọ́kọ́ yọ. Èyí tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ yọ lókè, àwọn àgbà á máa wò ó tìfuratìfura, wọ́n á ní kì í ṣe ojú lásán, pé bí kò bá pa bàbá, ìyá ni yóò pa.

Tíṣà sì ni Matilda o. Kíláàsì kẹrin ló ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ló ń ya eyín àti ahọ́n sójú pátákó fún àwọn ọmọ, òun náà ló sì ń na ẹni tí kò bá fọ eyín wá sílé ìwé. Ọjọ́ Ìsinmi, ó wà láàárín àwọn akọrin, aṣọ funfun lọ́rùn. Ká ní ojú àwùjọ ni ẹ ti bi í, á rẹ́rìn-ín, á ní ìtàn àwọn ará ijọ́un ni. Ṣùgbọ́n kò sí àwùjọ ní ilé ìdáná. Òun àti ọmọ nìkan ló wà níbẹ̀, ohun tí ó sì rántí ni ọmọdébìnrin kan ní Ayépé, níbi tí wọ́n ti tọ́ òun fúnra rẹ̀ dàgbà. Wọ́n ní eyín òkè rẹ̀ ló gbé bàbá rẹ̀ lọ. Bí ó bá ń lọ sódò, àwọn ìyá á fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń bá a ṣeré, Matilda pàápàá kò bá a ṣeré.

Simeon ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Abẹ́òkúta, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Matilda kò sọ fún un. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ Simeon bá pẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, obìnrin yìí á máa jókòó, á máa dìde, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wá mú. Bí ọkọ bá wá wọlé, á kí i láìwo ojú rẹ̀, á ní ọbẹ̀ ti tutù, Simeon á sì rò pé inú ló ń bí i sí òun.

Ìyẹn ì bá ṣeé fara dà bí kì í bá ṣe pé ọmọbìnrin tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ta ni yóò máa mójú tó Bùsọ́lá bí Matilda bá wà nílé ìwé, tí Mosúnmọ́lá, àkọ́bí wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, náà bá wà ní kíláàsì rẹ̀? Simeon kò bi ẹnikẹ́ni, ó lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti Ìbefun. Màámi Ojúọlá gbé àpò gàrí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, “Ẹ gbé ọmọ mi fún mi.” Matilda gbé e fún un, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ṣé ẹ mọ ọwọ́ ìyá ọkọ nínú ọ̀rọ̀ ọmọ. Òun ni yóò wẹ̀ ẹ́, tí yóò nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, tí yóò ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti fi nu ahọ́n rẹ̀. Òun ni yóò tẹ́ ọmọ sórí itan, tí yóò ká ọwọ́ sí i lẹ́nu, tí yóò sì máa rọ ògì sí i láti inú àtẹ́lẹwọ́. Ibo ni wọ́n fẹ́ fi eyín pamọ́ sí lójú irú ìyẹn? Matilda bá sá tọ irọ́ lọ.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ní ó lè sá pá a lórí.”

“Nọ́ọ̀sì. Ó dáa.”

“Ẹ jẹ́ kí èmi máa wẹ̀ ẹ́ kí n tó lọ síléèwé. Nọ́ọ̀sì ní ọwọ́ kan náà ni kó máa wẹ̀ ẹ́.”

“Ó dáa, ìyàwó.”

Nọ́ọ̀sì yìí, tí kò mọ nǹkan kan, ló di olórí ilé. Òun ló ní kí wọ́n má lo ṣíbí onírin mọ́, torí Matilda ti kó gbogbo ṣíbí onírin sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n má bàa tún dún lẹ́nu ọmọ. Òun ló ní kí ọmọ má máa rẹ́rìn-ín púpọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Bùsọ́lá sì rèé, ọmọ tí ẹ̀rín kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá sín, á rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ti ya ẹnu báyìí, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti bò ó, wàràwàrà. Ẹ̀rín á kú sábẹ́ ọwọ́.

“Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ máa ń bo Bùsọ́lá lẹ́nu?” Mosún ló béèrè nídìí oúnjẹ, lójú Màámi.

“Kí eṣinṣin má bàa wọ ibẹ̀.”

Màámi gbójú sókè, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó tún gbójú sílẹ̀, ó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ lọ. Matilda tètè kó àwo tirẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Nílé ìwé, ẹṣin ọkàn rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ó lè ka ìwé kan náà fún àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀mejì kí ó má mọ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ju pé kí Màámi rí eyín náà, kí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìbefun láti lọ ṣe ohun tí wọ́n bá ń ṣe sí irú wọn, kí orúkọ burúkú sì bá ọmọ náà dàgbà. Bí aago bá ti lù, á fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Ohun tó ń bá nílé kò sì fi í lọ́kàn balẹ̀. Á bá ilẹ̀kùn ní títì, nínú ooru ọ̀sán, Màámi àti ọmọ nìkan nínú yàrá. Tàbí kí ó bá ọmọ lẹ́yìn Màámi, tí wọ́n fi aṣọ dì í títí dé etí, ojú rẹ̀ sínú. Àsíátù, aládùúgbò wọn tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwọn, ní òun bẹ Màámi kí òun gbé ọmọ díẹ̀, Màámi kọ̀ jálẹ̀. Lálẹ́, Matilda á bọ́ aṣọ ọmọ, á fi àtùpà wo ara rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bóyá wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ sí i. Kò rí gbẹ́rẹ́ kankan, àìrí i náà sì tún ń bà á lẹ́rù.

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí ọjọ́ Sátidé ìmọ́tótó fi dé. Àwọn sójà ló wà lórí oyè nígbà náà, òfin wọn ni pé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ rìn títí di aago mẹ́wàá àárọ̀, kí tọmọdé tàgbà jáde túnlé ṣe. Simeon ti ránṣẹ́ pé iṣẹ́ dá òun dúró, ó di lẹ́yìn aago mẹ́wàá kí òun tó dé. Gbogbo ayálégbé wà lágbàlá, òmíràn ń gbálẹ̀, òmíràn ń kó ẹ̀gbin gọ́tà. Matilda di ṣọ́bìrì mú. Màámi pọn ọmọ, ó ń fa koríko lẹ́bàá ògiri.

Bí Àsíátù ṣe fi ìgbálẹ̀ lé àkùkọ rẹ̀, tí àkùkọ fò, tí ó bà sórí Àsíátù gan-an, gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Bùsọ́lá fa orí yọ nínú aṣọ, ó ya ẹnu gbàgà. Matilda ju ṣọ́bìrì nù. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀gbin, ó kọjá láàárín àwọn ènìyàn, ó fi ọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu. Ìyẹn kò tó o. Ó tú ọ̀já ní ìdí ìyá ọkọ rẹ̀, ó já ọmọ gbà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e wọlé lọ. Ìyá àgbàlagbà dúró síbẹ̀, aṣọ ìpọnmọ nílẹ̀, koríko lọ́wọ́, gbogbo wọn ń wò ó.

Màámi wọlé. Ó fa àpò rẹ̀ jáde, ó ń ká ìró rẹ̀ sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Màámi, kí lẹ ń ṣe?”

“Bí ọkọ̀ bá ti ń rìn, mo ń lọ sí Ìbefun.”

“Ẹ má bínú sí mi. Mi ò mọ ohun tí mo ń ṣe.”

“Mi ò bá ọ jà, ìyàwó.” Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan. Ọwọ́ tó ń hú ẹ̀gẹ́, tó ń yan gàrí ni, ó dúdú láàárín ìka. “Ọwọ́ mi ni mò ń wò láti ìjọ́ yìí. Mo ní bóyá ó ń rùn sí ọ ni. Mo fi ọṣẹ bó o, mo fi kànìnkànìn bó o. Bí o bá ní kí n má fọwọ́ kàn án, ṣé mi ò ní gbọ́ ni? Ṣùgbọ́n o já a gbà lẹ́yìn mi lójú ọ̀pọ̀ èèyàn.”

Ojú ti Matilda débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ gbé òun mì. Bí ó bá dákẹ́, ìyá yìí á lọ pẹ̀lú èrò pé wọ́n kórìíra òun, Simeon kò sì ní dárí jì í. Bí ó bá sọ ọ́, ọmọ ńkọ́? Ó wo Bùsọ́lá tí ó gbé jókòó sórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mosún. Ó wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ náà ló ṣẹ́gun rẹ̀.

“Màámi, Bùsọ́lá hu eyín òkè.”

“Ìyẹn náà ni?” Màámi ní. “Mo ti rí i.”

“Ẹ ti rí i?”

“Alẹ́ ọjọ́ tí mo dé, ó ń yán, mo rí i. Mo ní ìwọ tíṣà kò tíì fura. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀rù á bà ọ́, ọmú á gbẹ láyà rẹ. Kí ló dé tí mo fi ń tilẹ̀kùn tí mo bá fẹ́ fún un lóúnjẹ? Kí ló dé tí mo fi ń di aṣọ mọ́ ọn lójú? Kí Àsíátù àti àwọn yòókù má bàa rí i ni.”

Ó wá yé Matilda. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ti wà nínú yàrá kan láti ọjọ́ yìí, wọ́n ń fi eyín kan pamọ́ fún ara wọn.

“Ìbítáyọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ tó wà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀,” Màámi ní, “òkè ni tirẹ̀ náà ti yọ. Ìyá ọkọ mi gbé e lọ bá àwọn èèyàn wọn níbẹ̀, ó ní bí eyín ìsàlẹ̀ bá ti yọ, wọ́n á gbé e padà. Eyín ìsàlẹ̀ yọ. Wọn ò gbé e padà. Ìgbà tí mo máa fojú kàn án, ó ti ń sáré, ó ti ń pe ẹlòmíràn ní ìyá. Mo na ọwọ́ sí i, ó bú sẹ́kún, ó sá lọ sẹ́yìn obìnrin yẹn.”

“Bàbá wọn ńkọ́, Màámi? Kí ló ṣe bàbá?”

“Bàbá wo? Bàbá tí ìwọ náà bá wa sin, tó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ kó tó kú? Ogbó ló pa á. Èmi nìyí. Eyín kò pa ẹnikẹ́ni nílé wa. Èèyàn ló gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Mo sì ní ẹnikẹ́ni kò ní gba èyí lọ́wọ́ ìwọ.”

Matilda kúnlẹ̀, ó gbé orí lé e lórí itan. Ìyá náà kò sọ pé kí ó dìde, ó kàn ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọmọ tí oúnjẹ há lọ́fun. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ó tó báyìí. Gbé e wá, ká jọ wo eyín náà lójú ọ̀sán, kò sẹ́ni tó máa mú wa.”

Ó gbé Bùsọ́lá sórí itan, ó fi imú ta á níkùn, ó rín in lábẹ́ apá. Ara ọmọ náà gbọ̀n, ẹ̀rín ti ń bọ̀. Kí ó tó ya ẹnu, ó gbé ọwọ́ kékeré òun fúnra rẹ̀ sókè, ó fi bo ẹnu náà.

Màámi rọra mú ọwọ́ náà kúrò. Ọmọ náà dá a padà síbẹ̀. Ó yí orí, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀, ó ń dúró. Matilda fẹ́ rẹ́rìn-ín kí ó lè mọ̀ pé kò sí ewu mọ́, ó ṣí ẹnu, ṣùgbọ́n ẹkún ló jáde.