Dókítà Kì Í Kúnlẹ̀, Àbí?

Orúnkún mi yìí ló gbé mi wọ iléèwé dókítà lónìí!

Bí mo ṣe ń múra íńtáfíù nílé wa ní Sùúrùlérè, tí mo bá ti kúnlẹ̀ kí Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé tí wọ́n ń dán mi wò, wọ́n á jágbe mọ́ mi: "Dìde! Dókítà kì í kúnlẹ̀!"

Mo dé iwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lónìí, orúnkún ti kanlẹ̀ kí n tó rántí. Ọ̀kan bú sẹ́rìn-ín. Màmá àgbà kan láàárín wọn ní: "Má tíì dìde. Ká sọ pé èmi ni aláìsàn, mi ò sì fẹ́ lo oògùn. Ó yá, dókítà."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ń bà yín lẹ́rù nínú oògùn náà?"

Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwọn tó ti wọlé ṣáájú ẹ ń pàṣẹ fún mi ni. Ìwọ lo kọ́kọ́ bi mí léèrè. Lọ rán kóòtù funfun ẹ."

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, dókítà ti kúnlẹ̀ o! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ ò ní kúnlẹ̀?