Ìyá Ọkọ̀ Kò Ka Ọmọ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹta ọdún yìí, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú ìsinmi, tí ọ́fíìsì mi ní yunifásítì sì parọ́rọ́ tó láti gba ohùn sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọ̀ láti ka gbólóhùn kan ṣoṣo. Gbólóhùn náà kò gùn. Gbogbo ìyókù ọ̀sẹ̀ náà ló ná wa.

Ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun ló ń ṣe eré ogun orí kọ̀ǹpútà, èyí tí ẹni tó ń ṣe é máa ń darí ọ̀wọ́ ọkọ̀ òfuurufú láàárín àwọn ìràwọ̀. Wọ́n fẹ́ fi ìtàn tuntun kún un, ìtàn àwọn ènìyàn tó ń sọ Yorùbá ní ayé mìíràn, wọ́n sì ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí n sì wá ẹni tí yóò sọ ọ́. Mo mú ẹ̀gbọ́n mi, tó ka ìròyìn lórí rédíò títí ó fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún béèrè ohùn rẹ̀ àfi ìgbìmọ̀ ìsìnkú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú rẹ̀ dùn débi pé gbogbo àdúgbò rẹ̀ lẹ́bàá Ẹnuwá ló gbọ́ pé òun ti di ìyá àwọn awakọ̀ ojú ọ̀run.

Ìyá Ọkọ̀ ni wọ́n pe ẹni inú eré náà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan, yóò kéde iye tó kù nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ kéékèèké, kí oníṣeré, ẹni tó ń darí wọn, lè pinnu bóyá kó tún jà tàbí kó sá: "Àwọn ọmọ mi tó kù jẹ́ mẹ́rìnlá." Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti bọ́ awò ojú rẹ̀.

Ó ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, áńbọ̀sì kí ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ kà á. Àti pé "tó kù" yẹn, níbo ni àwọn yòókù lọ? Mo ṣàlàyé, pẹ̀lú sùúrù tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní, pé àwòrán lásán ni wọ́n. Ó ní àwọn ọmọ tòun kì í ṣe àwòrán, títì Ìbàdàn ni wọ́n ń gbà wálé. Ó dábàá pé kí Ìyá Ọkọ̀ kàn sọ pé, "Àwọn ọmọ mi kò pé."

Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n fèsì pé oníṣeré gbọ́dọ̀ gbọ́ iye. Kí ẹ̀gbọ́n mi ka iye lọ́tọ̀, kó ka ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn lọ́tọ̀, ẹ̀rọ yóò so wọ́n pọ̀. Wọ́n tilẹ̀ ní "ogún" àti "mẹ́sàn-án" ti tó láti fi ṣe mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ojú ìwé méjì ni mo fi dá wọn lóhùn lórí ìyẹn nìkan. Wọ́n tún ní bí ohùn náà kò bá dé títí di ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ ni yóò gba ipò ẹ̀gbọ́n mi.

Mo sọ èyí fún un. Ó tún awò ojú rẹ̀ wọ̀. Lẹ́yìn náà, ó ka iye láti ọ̀kan dé ogójì bí ẹni ń ka isu ní ọjà Ìpetumodù, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Nígbà tó kan "Àwọn ọmọ mi tó kù," ó tún pa ẹnu mọ́.

Sùúrù mi tán. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

"Ó dáa, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Wá ka tìrẹ kí n gbọ́."

Ẹ̀rọ ń gba ohùn lọ. Mo la ẹnu. Mo mọ iye wọn; ta ni kò mọ iye ọmọ rẹ̀? Mo rántí èyí tó wọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí kò tíì pè pé òun ti dé. Mo pa ẹnu dé, mo sì pa ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó kàn ní kí n kọ ohun tó dí mi lẹ́nu yẹn síwèé sí wọn, èmi tí mo mọ̀wé í kọ.

Mo kọ ọ́. Mo ní kí iye náà hàn lójú kọ̀ǹpútà, kí Ìyá Ọkọ̀ sì sọ pé àwọn ọmọ òun kò pé. Mo fi kún un pé bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ rọ́pò ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n yọ iṣẹ́ tèmi náà kúrò. A gba gbólóhùn tirẹ̀ sílẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì náà ti kọjá. Wọ́n ti ń polongo pé ìtàn tuntun náà ń bọ̀, pẹ̀lú àwòrán àwọn ọkọ̀ tó ń jóná, láìsí ohùn ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí bóyá wọ́n ti fèsì. Èsì kò tíì dé, a kò sì mọ̀ bóyá ohùn rẹ̀ ni a ó gbọ́.