Ìda Oyin Tí Bàbá Bissenti Fi Ránṣẹ́

Bíríkìlà ni Antiogu. Ọwọ́ rẹ̀ ló kan ìdajì àwọn òrùlé abúlé wa, kò sì sí èyí tó ń jò nínú wọn. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì kó tó lọ bá Bàbá Bissenti pé kó kọ́ òun ní fèrè.

Esùsú mẹ́ta ni fèrè wa, ẹnu kan ló ń fọn wọ́n pọ̀. Èyí tó gùn jù ń kùn lábẹ́, àwọn méjì yòókù ń kọrin. Ohùn rẹ̀ kì í já. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ṣe ń ti afẹ́fẹ́ jáde, bẹ́ẹ̀ ni imú ń fa òmíràn wọlé. Inú ife omi la ti ń kọ́ ọ: akẹ́kọ̀ọ́ á ki pòròpórò àlìkámà bọ omi, á máa fẹ́ ẹ, omi ò sì gbọdọ̀ dákẹ́.

Oṣù mẹ́sàn-án ni Antiogu fi ń fẹ́ omi. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Ẹ má dá ọkọ mi lóhùn, ó ti di ìkòkò. Ó ń hó láti àárọ̀."

Bàbá Bissenti kì í yára kọ́ni. Abala méjìlá ni ijó wa ní, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń fi lélẹ̀. Abala kejìlá, òun nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kọ́ òun náà, ìgbẹ̀yìn ló fi èyí lé e lọ́wọ́.

"Bí o bá ti fọn mọ́kànlá lójú agbo tí kò já," ó sọ fún Antiogu, "wá gba èyí tó kù."

Ní ọdún kẹta, lọ́jọ́ àjọ̀dún ẹni mímọ́ abúlé wa, ó ní kó dúró láàárín agbo. Oṣù kẹjọ ni, oòrùn mú gan-an. Bàbá ti kìlọ̀ fún un pé abẹ́ kóòtù ni kí fèrè wà títí agbo á fi pé, nítorí ìda oyin bíńtín tí wọ́n ń fi sí ahọ́n esùsú ló ń mú ohùn rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n bí ìsìn ṣe ń lọ lọ́wọ́, mo pè é pé kó wá mu wáìnì. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó gbé fèrè lé orí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, nínú oòrùn. Ife kan ni mo ní kó mu. Mẹ́ta la mu.

Ní abala kẹrin, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Àyà rẹ̀ já, ó la ẹnu, ó mí. Gbogbo ẹ̀ dákẹ́ wáí. A di ọwọ́ ara wa mú, bí ọgbọ̀n ènìyàn, gbogbo wa gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè.

"Antiogu," ẹnì kan kígbe, "ṣé kí n máa gbé ẹsẹ̀ yìí lọ sílé báyìí ni?"

Èmi ni. Agbo fi ẹ̀rín bú.

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Bissenti fún mi ní ìda oyin tuntun, ó fi bébà wé e. Ó ní, "Sọ fún un pé ìda ló yọ́. Èémí rẹ̀ ò ní àbùkù kankan. Kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, kó padà wá."

Mo bá Antiogu níwájú ilé rẹ̀, níbi tó ti ń po sìmẹ́ńtì. Ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́. Mo na ìda sí i, mo ní, "Bàbá ló fi èyí ránṣẹ́. Bóyá kí o fi dí etí wa kó o tó tún fọn."

Kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀rín ń pa mí, mi ò dáhùn. Ó gbé ìda náà sójú fèrèsé, ó padà sídìí sìmẹ́ńtì rẹ̀. Mo ní màá sọ ìyókù fún un tó bá yá. Nígbà tó yá, kò jọ ohun tó tún yẹ kéèyàn máa sọ mọ́.

Ọdún mẹ́fà kọjá tí Antiogu ò fọn fèrè, tí kò sì dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Lọ́dún yìí, nígbà òtútù, atẹ́gùn ká òrùlé Bàbá Bissenti, Gràssia ọmọ rẹ̀ sì ránṣẹ́ pe Antiogu. Ó bá Bàbá nídìí iná. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti fa ẹnu rẹ̀ sápá kan, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ti kú.

Bàbá wò ó títí. "Ọ̀sẹ̀ kan ni mo ní kí o sinmi," ó ní. "Irú ọ̀sẹ̀ wo ló gùn tó báyìí?"

"Ọ̀sẹ̀ wo, Bàbá?"

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló kan ilẹ̀kùn mi.

"Kí ni Bàbá rán ọ sí mi?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ì bá kúkú bú mi. Ó mi orí, ó lọ sílé, ó mú ìda lójú fèrèsé. Ó ṣì wà nínú bébà rẹ̀.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti inú ife omi. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá, nígbà tí igi álímọ́ńdì sì fi máa wọ ewé, abala mọ́kànlá ti padà sí i lọ́wọ́. Ó ku ẹyọ kan.

Ètè Bàbá ò lè di esùsú mú mọ́. Ó gbìyànjú kó fi imú kùn ún, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Antiogu gbé àwọn ìka ọwọ́ òsì Bàbá tó ti kú lé ihò fèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé èyí ni, Bàbá?"

Bàbá mi orí pé rárá.

"Èyí ńkọ́?"

Gràssia sọ fún mi pé bàbá òun sunkún.

"Ó wà nínú mi," Bàbá ní. "Kò rí ọ̀nà jáde ni. Máa fọn èyí tó o mọ̀."

Nígbà tí àjọ̀dún tún pé ní oṣù kẹjọ, abẹ́ kóòtù ni fèrè wà. Mi ò pè é wá mu wáìnì. Ó fọn abala kìíní dé ìkọkànlá, kò já. Ní ibi tó yẹ kí ìkejìlá ti wọlé, ó yọ esùsú lẹ́nu, ó dúró.

A ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Kò sẹ́ni tó kígbe. Bàbá Bissenti wà lórí àga lẹ́bàá ògiri, ó di ojú, àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ń rìn lórí orúnkún rẹ̀ bí ẹni pé ihò fèrè ló wà níbẹ̀. A dúró bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ náà fi sinmi, kí a tó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀.