Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Mi Nígbà Opó

Ọjọ́ Sátidé ni a máa ń ṣe kíláàsì òwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Àgọ́-Ìwòyè, nínú yàrá kan tí ariwo fáànù rẹ̀ ju ohùn olùkọ́ lọ. Oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso òwò ni mò ń kà nígbà náà. Mo ti gbàgbé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa, ṣùgbọ́n mo rántí ìbéèrè kan: bí ẹni tó wà ní Màkún-Omi bá fi fóònù ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbo gan-an ni wọ́n ti tà á? Àwọn ẹgbẹ́ mi fa ọ̀rọ̀ náà títí ọ̀sán fi pọ́n. Èmi ò dá sí i, ebi ló ń pa mí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá mi kú. Mùsùlùmí ni wá, a kì í fi òkú falẹ̀, nígbà tí mo sì fi máa dé Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn tó sin ín ti ń fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Inú bí mi, mo sì sọ ọ́ síta. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n yéé pariwo, kí n lọ jókòó ti ìyá mi.

Ìyá mi ti wọ opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni kò fi ní jáde nílé. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì tó ti ń ta híjáàbù àti aṣọ. Àwọn obìnrin máa ń wọkọ̀ láti Ibíadé àti Màkún-Omi wá síbẹ̀, wọn á jókòó, wọn á tú gbogbo aṣọ sílẹ̀, wọn á ro ẹjọ́ ọkọ àti ọmọ tán kí wọ́n tó rántí ohun tí wọ́n wá rà. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ ra nǹkan kan. Ìyá mi kì í bínú sí wọn. Àbúrò rẹ̀ bá a ṣí ṣọ́ọ̀bù náà fún bí ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ ìjà ló ń bá àwọn oníbàárà jà, la bá ní kó máa lọ. Èmi náà ní iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè. Bí ṣọ́ọ̀bù ṣe wà ní títì nìyẹn, ẹ̀rù sì ń ba ìyá mi.

“Bí wọ́n bá dé'bẹ̀ tí wọ́n ò bá mi,” ló sọ fún mi, “wọn á gbàgbé mi.”

Iṣẹ́ tí olùkọ́ gbé fún wa ni pé kí oníkálukú bá oníṣòwò kan ṣí ṣọ́ọ̀bù sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo mú ti ìyá mi. Ó ní òun ò ní bá mi dá sí i àfi tí Ààfáà bá fọwọ́ sí i. Ààfáà wá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí ta ni yóò máa gbé ọjà jáde. Mo ní èmi ni, nírọ̀lẹ́ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, awakọ̀ ní gáréèjì ni n ó máa fi rán. Ó bi mí bóyá ọkùnrin wà nínú àwọn tó ń rà á. Mo ní obìnrin ni gbogbo wọn.

“Òun ni kò gbọdọ̀ jáde,” ni Ààfáà sọ. “Ọjà lè jáde.”

Mo rò ó pé kí n pe olùkọ́ wa wá gbọ́ èyí.

Irin fèrèsé yàrá ìyá mi ni mo ń fi híjáàbù kọ́ láti ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà. Ìyá mi ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àwọ̀ rẹ̀, bó ṣe ń dúró lórí bí èèyàn bá forí kanlẹ̀. Ìjẹ̀bú ló fi ń sọ ọ́, kò ka gírámà tí mo kọ fún un sí. Àwọn obìnrin Ibíadé gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ohùn tiwọn dá a lóhùn. Kí oṣù kẹta tó parí, ọjà tó ń tà lórí bẹ́ẹ̀dì ti pọ̀ ju èyí tó ń tà ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Máàkì mi dára gan-an. Mo gbéra ga díẹ̀, kí n má purọ́.

Lọ́jọ́ tí opó tán, ìyá mi wẹ̀, ó wọ aṣọ tuntun, a sì jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Ó ra ohun mímu tútù sílẹ̀ fún àwọn tó bá wá. A dúró. Ọkùnrin kan yà wá béèrè ọ̀nà Mámu. Fóònù ò sinmi ní tirẹ̀. Obìnrin kan láti Màkún-Omi ní kí a fi híjáàbù aláwọ̀ ilẹ̀ méjì rán awakọ̀. Ìyá mi bi í bóyá kò ní wá mú un fúnra rẹ̀. Ó ní kí ló tún kù tí òun á fi máa jìyà lójú ọ̀nà, ó sì ń ṣàdúà fún mi pé Ọlọ́run á bù kún mi. Ìyá mi ṣe àmín.

Lẹ́yìn ìrun Aláàsárì ni tíṣà kan tó ń gbé lódìkejì títì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí a bá òun gbé híjáàbù dúdú kan wá sílé. Ìta ilé rẹ̀ ló jókòó sí, àwa méjèèjì ń rí i. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín.

“Gbogbo ìgbà tí mo fi wà n'ulé,” ló wí, “òní ni mò ń retí. Èèyàn ni mo fẹ́ rí.”

Ó dùn mí. Ìyá mi ká híjáàbù náà dáadáa, ó mú ohun mímu méjì nínú èyí tó rà, ó ní kí n máa wo ṣọ́ọ̀bù, ó sì sọdá. Mo rí i tí tíṣà náà gbé àga fún un. Mo jókòó títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mò ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Ẹnì kankan ò wọlé.