Èènì Lórí Máàkì Méje

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ná. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Kútọnù, mo fi ojú ara mi rí àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń ná máàkì físíìkì bí ẹni ń ná gàrí. Kékeré tí mo wí yẹn, irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n mi o. Àmọ́ nínú ilé bàbá mi, ẹni tí kò bá tíì níyàwó, ọmọdé ni.

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Àwọn òyìnbó ń di ẹrù, àyè iṣẹ́ ń ṣí sílẹ̀ káàkiri, gbogbo ilé àwa Nàgó, Yorùbá ibẹ̀, ló sì fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ bọ́ sí ọ̀kan nínú rẹ̀. Bàbá mi, ará Pobè, tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilé ìtajà ńlá kan ní Ganhi, ti yan tèmi sílẹ̀: dókítà. Ó ti sọ ọ́ níbi iṣẹ́, ó ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti ránṣẹ́ sọ ọ́ ní Pobè, pé bí ọdún ẹ̀kọ́ yẹn bá ti parí, Dakar ni mò ń lọ láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Físíìkì nìkan ni kò sọ fún.

Nínú ogún, méje ni mo gbà ní físíìkì. Ní ṣimí, èyí tí ẹ̀yin ará òdìkejì ààlà ń pè ní kẹ́mísìrì, mo gba mẹ́jọ. Olùkọ́ kan náà ló ń kọ́ wa ní méjèèjì, òun ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí èèyàn tó lè kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ẹni tí kò bá sì gba mẹ́wàá ní físíìkì, kì í fọwọ́ sí tirẹ̀.

Láti ọjọ́ tí máàkì yẹn ti jáde, ìdí mi kò gba ìjókòó mọ́. Màá rìn dé etí ọ̀sà, màá padà. Màá ṣí ìwé, màá pa á dé. Oúnjẹ dà bí iyanrìn lẹ́nu mi. Bàbá mi náà ń rìn yí àgbàlá ká, a ó pàdé lẹ́bàá kànga, a ó yà fún ara wa.

Ibi tí a ti ń rìn báyìí ni àbúrò bàbá mi náà, tí gbogbo wa ń pè ní Tàntí, bá wa. Gàrí ló ń tà ní ọjà Dantokpa.

"Kí ló dé tí ẹ ń rìn kiri bí adìẹ tó fẹ́ yé?"

Bàbá mi ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ta ló fún un ní méje?"

"Olùkọ́ rẹ̀ ni."

"Ṣé èèyàn ni olùkọ́ náà àbí ẹ̀rọ?"

"Èèyàn ni."

"Ẹ̀gbọ́n, kí wá lẹ̀ ń dààmú sí? Ohun tí èèyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n, ó lè fi èènì sí i."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá wọn gàrí tán lọ́jà wa, tí kò bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ahun ni, oníbàárà kò sì ní padà wá. Lójú Tàntí, èènì kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, kì í sì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọjá afárá lọ sí Akpakpa lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, síbi tí olùkọ́ náà ń gbé. Bàbá mi wọ kóòtù. Tàntí ru àwo gàrí kan tó funfun nini. Èmi ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn, ó ń ṣe mí bíi kí n sá lọ.

Ọmọ Àjàṣẹ́ tó wà lẹ́bàá Kútọnù ni olùkọ́ náà, ó gbọ́ èdè wa dáadáa. Ó gbé àga fún wọn, Tàntí kò jókòó. Ó pè é ní Mèsíyé, bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pe olùkọ́ wa.

"Mèsíyé, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. A ò wá bá yín jà o. Méje tí ẹ fún ọmọ wa, a gbà á. Ẹ bá wa fi èènì sí i."

Olùkọ́ wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Èènì mélòó, ìyá?"

"Mẹ́ta náà tó."

"Mẹ́ta lórí méje? Ta ló ń fi èènì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ọjà sílẹ̀ ní Dantokpa?"

"Ó dáa, ẹ mú méjì wá."

"Méjì kò lè gbé e dé mẹ́wàá."

"Ẹ ṣáà fún wa ní méjì, a ó wá ọ̀kan yòókù lọ síbòmíràn!"

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ nu. Nígbà tó dá a padà sójú, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ìyá, èènì gàrí yín, inú àpò tiyín ló ti ń jáde. Èènì tí mo bá fún ọmọ yìí, ara aláìsàn ló máa ti jáde."

Tàntí sọ àwo gàrí rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí àga tó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Olùkọ́ ní èdè Faransé mi dán, mo lè lọ kọ́ iṣẹ́ amòfin. Bó bá sì jẹ́ ìṣègùn dandan ni, kí n tún kíláàsì náà kà pẹ̀lú àwọn tí mo fi kíláàsì kan ṣáájú, òun á máa kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́ láràárọ̀ ní gbogbo ìsinmi tó wọlé yìí.

"Wákàtí ni mo lè fi ṣe èènì," ó ní. "Máàkì, rárá."

Bàbá mi dìde. "Kó tún un kà? Ojú wo ni màá fi dé Ganhi lọ́la? Mo ti sọ fún wọn pé Dakar!"

Èmi ni olùkọ́ kọjú sí. "Ìwọ ńkọ́?"

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ dókítà yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Mo fẹ́ tún un kà, Mèsíyé."

Bàbá mi ṣíwájú wa, kò wẹ̀yìn títí a fi délé. Tàntí ń ráhùn lójú ọ̀nà pé a kò tilẹ̀ rántí gba àwo òun.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, yunifásítì ti wà fún yín ní Abomey-Calavi, takisí á sì gbé yín láti Godomey dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn òbí kì í ru gàrí lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ mọ́. Àpòòwé ni wọ́n ń mú lọ báyìí, wọn kì í sì í ná an létí ọmọ. Mọ́kànlá ni mo gbà ní físíìkì lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo sì dé Dakar. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ronú sí i, kì í ṣe mọ́kànlá yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, bí kò ṣe àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìrìn wa sí Akpakpa.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí bàbá mi fi jí mi. Ó ti gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ síta. "Gùn ún," ó ní. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo gbá ìwé físíìkì mọ́ àyà. Ọ̀nà etí òkun wà tí a lè gbà, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí wa. Ganhi ló gbà. Àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dúró síwájú ilé ìtajà, wọ́n ń retí kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ni ọ̀kan nínú wọn bá pariwo pé:

"Ẹ káàárọ̀ o! Ìgbà wo lọmọ wa ń gbéra?"

Bàbá mi dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀.

"Kò lọ mọ́ lọ́dún yìí," ó sọ ọ́ sókè, kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Físíìkì rẹ̀ kò dára. Mò ń gbé e lọ kí ó lọ kọ́ ọ."

Ó tẹ kẹ̀kẹ́ náà síwájú kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, a sì gun afárá.